Ìgò Omi Gbígbóná Tó Di Táǹkì Epo

Lásìkò ọ̀wọ́n epo kan báyìí, ọlọ́kadà àdúgbò wa lọ bá wẹ́dà, ó ní kó bá òun jó táǹkì tó tóbi sí i mọ́ ọ̀kadà òun. Wẹ́dà wò ó, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé inú táǹkì ni epo ti ń wá ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Ìbéèrè yẹn ló tún sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń kà nípa bí Honda ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1946 ni, ní ìlú Hamamatsu, ní Jàpáànù. Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, bọ́ǹbù ti ba ìlú jẹ́, oúnjẹ wọ́n. Soichiro Honda, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ti ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún Toyota, kò sì tíì mọ ohun tó kàn. Nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ti rí ẹ̀rọ kékeré kan, jẹnẹrétọ̀ tí àwọn ológun fi ń gbé iná fún rédíò wọn. Ẹ ṣáà rántí "I better pass my neighbour" tiwa. Lójú ẹlòmíì, pàǹtí ogun ni. Honda ní òun máa gbé e sórí básíkùlù.

Ẹ̀rọ wà, básíkùlù wà, táǹkì ńkọ́? Ó wo inú ilé, ó mú ìgò omi gbígbóná, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sábẹ́ aṣọ ìbora kí òtútù má baà mú wọn lóru. Ó rọ epo sínú ẹ̀, ó parí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo mọ irú nǹkan báyìí dáadáa: èyí tá a kọ́kọ́ fi ń dán an wò, kò dìgbà tó bá lẹ́wà, kó ṣáà ti ṣiṣẹ́.

Ṣé kò lè wá èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni? Ó lè wá a. Àmọ́ ìjọba ló ń pín bẹntiróòlù nígbà yẹn, ìwọ̀nba ló ń kan èèyàn. Wọ́n ń po òróró tí wọ́n rí lára igi páìnì mọ́ ọn kó lè pọ̀ sí i. Àdàlù yẹn kì í tètè gbiná. Èèyàn á fẹsẹ̀ wa básíkùlù títí kí ẹ̀rọ tó gbà. Táǹkì sì gbọ́dọ̀ ga ju ẹ̀rọ lọ, kí epo lè fúnra ẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Ẹ wá gbé táǹkì ńlá sókè orí básíkùlù, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló máa pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹrù lásán!

Sachi, ìyàwó rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gùn ún jáde sí títì. Honda máa ń sọ pé àánú ìyàwó òun ló ṣe òun, bó ṣe ń wa básíkùlù lọ wá oúnjẹ. Ìyàwó fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọkọ òun fi iyọ̀ sí ìtàn yẹn ni, pé ohun tó fẹ́ mọ̀ gan-an ni bóyá obìnrin lè gùn ún. Èmi gba ìyàwó gbọ́. Nígbà tó padà délé lọ́jọ́ náà, epo ti ta sí ṣòkòtò rẹ̀ tó dáa jù. Ó ní àwọn oníbàárà máa bá a jà. Honda, tí kì í fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀, gbọ́ tìyàwó, ó tún ibi tí epo ti ń ta síta ṣe.

Ẹ̀rọ ológun yẹn ò ju nǹkan bí 500 lọ. Nígbà tí wọ́n tán, ó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1947. Lọ́dún 1952, Cub F jáde, ẹ̀rọ pupa pẹ̀lú táǹkì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Takeo Fujisawa, ẹnìkejì Honda, kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀bù básíkùlù tó lé ní 50,000 láti tà á. Táǹkì gidi nìyẹn, kì í ṣe ìgò mọ́, síbẹ̀ kékeré náà ni.

Mo fi fọ́tò básíkùlù onígò yẹn han ọlọ́kadà wa. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Lítà mélòó ló ń gbà?"