Àwo "Der Rosenkavalier" ti Vienna, 1933

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1933, iléeṣẹ́ His Master's Voice ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ohùn ọ́pẹ́rà apanilẹ́rìn-ín "Der Rosenkavalier" sílẹ̀ ní ìlú Vienna. Àwo 13 ni wọ́n fi gbé e jáde, orin sì wà lójú méjèèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí wọ́n bá ṣe ọ́pẹ́rà náà láìgé nǹkan kan kúrò, ó ju wákàtí mẹ́ta lọ. Èyí tó wọ inú àwo 13 yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rẹ̀. Èèyàn á rò pé bí àwo tó pé bá ti jáde, èyí tí wọ́n gé yóò di ohun ìgbàgbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun ṣì ni àwọn olólùfẹ́ ọ́pẹ́rà fi ń wọn gbogbo àwo tó tẹ̀lé e.

Richard Strauss, ọmọ ìlú Munich, ló ṣe orin ọ́pẹ́rà náà. Hugo von Hofmannsthal, akéwì ọmọ Vienna, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dresden ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1911, lábẹ́ ìdarí Ernst von Schuch. Ó gbayì débi pé wọ́n ṣètò ọkọ̀ ojú irin àkànṣe láti Berlin fún àwọn tó fẹ́ lọ wò ó. Vienna ayé ọbabìnrin Maria Theresa ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ìyàwó ọ̀gágun àgbà kan, tí wọ́n ń pè ní Marschallin, ń yan Octavian, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lálè nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ sóko ọdẹ. Mọ̀lẹ́bí Marschallin kan, Baron Ochs, olóyè ará oko tí kì í rí obìnrin kó mójú kúrò, fẹ́ gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sophie níyàwó nítorí owó bàbá rẹ̀. Faninal ni bàbá náà, olówó tuntun tí oyè ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Eré náà sọ pé àṣà àwọn ọlọ́lá Vienna ni kí ọkọ ìyàwó rán èèyàn pàtàkì kan láti gbé òdòdó róòsì onífàdákà lọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kò sí irú àṣà bẹ́ẹ̀ rí. Hofmannsthal ló hùmọ̀ rẹ̀. Octavian ni wọ́n rán, òun àti Sophie fojú kan ara wọn, ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀tàn àti ariwo nínú ilé ìtura kan, Ochs fi ìtìjú lọ, Marschallin sì yọ̀ǹda ọmọkùnrin náà fún ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó nira láti gbà sínú àwo ni. Obìnrin ló ń kọ orin Octavian, nítorí náà ohùn obìnrin mẹ́ta ló ń pàdé nígbà tí eré ń lọ sópin. Bí ohùn wọn bá jọra jù, olùgbọ́ kò ní mọ ta ló ń sọ kí ni. Ọ̀rọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń sáré: èdè ààfin, èdè ìta Vienna, èdè àwọn tó ń ṣe bí ọlọ́lá tí wọn kò sì tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín eré náà wà. Lórí ìtàgé, ojú àti ìrìn akọrin a máa ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nínú àwo, ohùn nìkan ló wà.

Àwọn tí wọ́n kó jọ lọ́dún 1933 ti bá iṣẹ́ náà dàgbà. Lotte Lehmann ni Marschallin, Elisabeth Schumann ni Sophie. Ọmọ Jámánì ni àwọn méjèèjì, ọdún 1888 ni wọ́n sì bí wọn. Lehmann ti jẹ́ Sophie rí, ó ti jẹ́ Octavian rí, kó tó wá di Marschallin ní Covent Garden, London, lọ́dún 1924 lábẹ́ ìdarí Bruno Walter. Schumann náà ni Sophie lọ́jọ́ náà, Richard Mayr ni Ochs. Ọdún mẹ́sàn-án kí àwo yìí tó jáde ni àwọn mẹ́ta yìí ti jọ ń ṣe é, wọ́n sì mọ Strauss fúnra rẹ̀. Láti 1919 dé 1924, ó wà lára àwọn ọ̀gá ilé ọ́pẹ́rà Vienna. Níbẹ̀, lọ́dún 1919, Mayr àti Lehmann ló kọ́kọ́ ṣe aláró àti ìyàwó rẹ̀ nínú ọ́pẹ́rà rẹ̀ "Die Frau ohne Schatten". Schumann bá a rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1921, Strauss ń tẹ dùùrù, obìnrin náà ń kọrin. Ní ti Mayr, òun gan-an ni Strauss ní lọ́kàn fún Ochs láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò ṣeé ṣe fún un láti wà ní Dresden lọ́dún 1911. Maria Olszewska, ọmọ Bavaria tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ tó sì ṣú, ni Octavian. Robert Heger ló darí ọ̀kẹ́sítírà Vienna Philharmonic.

Àwo ayé ìgbà náà ló fà á tí wọ́n fi gé iṣẹ́ náà. Àwo oní-ínǹṣì 12, tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò lè gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lọ lójú kan. Orí ìda ni wọ́n ń gba ohùn sí. Wọ́n á mú ìda náà gbóná díẹ̀ kó lè rọ̀. Maikirofóònù á gbé ohùn lọ sára abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì máa fa ojú ilà sára ìda bó ti ń yí. Bí wọ́n bá ní kí àwọn gbọ́ ohun tí àwọn ṣe lójú ẹsẹ̀, ìda náà ti bà jẹ́ nìyẹn, kò ṣeé fi ṣe àwo mọ́. Bí fáólíìnì kan bá ṣìnà tàbí akọrin kan gbàgbé ọ̀rọ̀, gbogbo wọn ni yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo náà. Akọrin tó wà láàárín ìbànújẹ́ yóò dákẹ́ bí ojú àwo bá ti kún, yóò dúró kí wọ́n gbé ìda mìíràn sí i, yóò sì tún mú ìbànújẹ́ náà níbi tó ti fi í sílẹ̀.

Ibì kan wà nínú àwo náà tó fi bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ hàn ju gbogbo àlàyé lọ. Ní apá kẹta, Marschallin padà wọlé pẹ̀lú Faninal lẹ́yìn tó ti fi àwọn ọmọ méjì náà sílẹ̀ fún ara wọn. Faninal sọ gbólóhùn kan nípa ìṣe àwọn ọ̀dọ́, Marschallin sì fi ọ̀rọ̀ kékeré méjì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí obìnrin náà pàdánù wà nínú ìdáhùn yẹn. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Lehmann ti lọ. Ó rò pé iṣẹ́ òun ti parí. Schumann ló kọ ọ̀rọ̀ méjì náà dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Marschallin nínú àwo tó sọ Lehmann di olókìkí jù lọ nínú ipa náà, ẹnu Sophie ló ti jáde.

Lehmann ṣì ni òpó àwo náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó gbọ́ ìparí apá kìíní, níbi tí Marschallin ti wo dígí, tó sì bi ara rẹ̀ léèrè bí ọmọdébìnrin àná ṣe ń di ìyá arúgbó. Èémí Lehmann kò gùn. Ó máa ń mí níbi tí akọrin mìíràn kò ní dánu dúró, àwọn tó mọ̀ nípa orin kò sì yéé tọ́ka sí i. Níbí, àléébù náà di ohun èlò: gbólóhùn ń já, bíi ti ẹni tó ń ronú lọ́wọ́. Nígbà tó sọ fún Octavian pé òun máa ń dìde lóru láti dá gbogbo aago ilé dúró, ohùn rẹ̀ relẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Strauss kọ ọ́ sílẹ̀ pé arẹwà tí kò ju ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ ni Marschallin, àti pé nígbà tó bá ń dágbére, ojú rẹ̀ kan lè lómi, èkejì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ọ̀pọ̀ tó wá lẹ́yìn ló fi ẹkún kún ojú méjèèjì. Lehmann kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Mayr ti lé ní àádọ́ta ọdún, agbára ohùn rẹ̀ sì ti dín kù. Ilé ìtura àti ilé ìpọntí àwọn òbí rẹ̀ ní Henndorf, lẹ́bàá Salzburg, ló ti dàgbà, nítorí náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bí ará ìgbèríko ṣe ń sọ̀rọ̀. Ochs tirẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín láìpariwo: olóyè gidi ni, ìwà rẹ̀ ni kò bá oyè mu. Schumann, ní ẹni ọdún márùn-ún-dín-láàádọ́ta, kọ Sophie bí ẹni pé ilé ìwé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn ló ti ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tó gba òdòdó onífàdákà, ohùn rẹ̀ lọ sókè tààrà, ó mọ́, kò sì gbọ̀n. Olszewska ni èèyàn lè ṣàríwísí. Ohùn rẹ̀ wúwo fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àmọ́ ìwúwo náà ló mú kí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra nínú orin ẹlẹ́ni-mẹ́ta tó kẹ́yìn. Nínú ọ̀kẹ́sítírà, àwọn fáólíìnì ń yọ̀ láti ohùn kan bọ́ sórí òmíràn, ní ọ̀nà tí àwọn ọ̀kẹ́sítírà lẹ́yìn ogun kọ̀ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n kà á sí àṣejù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú àwọn ijó wọ́lìsì Ochs yóò rí i pé ohun tí wọ́n kọ̀ yẹn wúlò.

Gígé tí wọ́n gé e ní tirẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn ìran elérò púpọ̀ ló fara gbá jù, Ochs sì pàdánù ọ̀pọ̀ àyè. Bẹ́ẹ̀, Strauss ti fìgbà kan rò ó pé orúkọ Ochs ni kí àwọn fi pe ọ́pẹ́rà náà. Ohun tó kù nínú àwo ni ibi tí àwọn obìnrin mẹ́ta náà ti ṣe kókó, nítorí náà ọ́pẹ́rà apanilẹ́rìn-ín di ìtàn obìnrin kan tí ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀. Àwọn tí àwo yìí kọ́ ní "Rosenkavalier", tí wọ́n sì pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, mọ̀ ọ́n sí ọ́pẹ́rà Marschallin, èrò náà kò sì tíì kúrò nílẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó ṣe àwo náà kò pẹ́ tú ká. Mayr kú lọ́dún 1935. Nígbà tí Jámánì gba Austria lọ́dún 1938, Vienna Philharmonic lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Júù. Àwọn kan ríbi sá lọ, wọ́n pa àwọn mìíràn. Lehmann àti Schumann fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lórin níbẹ̀.

Àwo tó pé dé nígbà tí LP dé, ìyẹn àwo tí ojú rẹ̀ kan ń gbà ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Lọ́dún 1954, Erich Kleiber darí Vienna Philharmonic kan náà fún iléeṣẹ́ Decca láìgé ohunkóhun. Níbẹ̀ ni Ludwig Weber ti rí àyè ṣe Ochs lódindi, ìyẹn ló sì fi yẹ kí ẹni tó ń wá ẹ̀rín eré náà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Lọ́dún 1956, Herbert von Karajan ṣe tirẹ̀ ní London pẹ̀lú Elisabeth Schwarzkopf. Marschallin ti Schwarzkopf jẹ́ iṣẹ́ àrà, a wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó jáde lẹ́nu. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tẹ̀lé Lehmann yóò mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tó ń fi bí a ṣe ń sọ ọ́ hàn. Àwo 1933 náà ti padà jáde lórí LP àti síidì. Àwọn tó ń tún ohùn àtijọ́ ṣe ti dín kíkùn abẹ́rẹ́ kù, wọ́n sì ti so ojú àwo 26 náà pọ̀ débi pé etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ìda kan ti kún tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.