Ẹ̀rọ awárin kò ní wàhálà nínú bàálù, bátìrì rẹ̀ lòfin dè

Ẹni tó bá dúró ní Onígbòǹgbò, lágbègbè Ìkẹjà, kò ní í pẹ́ kó tó gbọ́ ìró bàálù tó ń balẹ̀ tàbí tó ń gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Nítorí bí ibẹ̀ ṣe súnmọ́ pápákọ̀ tó, kì í ṣe ohun tuntun fáwọn oníṣòwò àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà láti Maryland títí dé Agége láti fò lọ sí Dubai, Guangzhou tàbí London, kí wọ́n sì ra irinṣẹ́ bọ̀ wálé. Ọ̀kan lára irinṣẹ́ tó lè kó arìnrìn-àjò sí ìrònú ni ẹ̀rọ awárin, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń dún bó bá ti súnmọ́ irin, ìbáà jẹ́ inú ilẹ̀, inú oúnjẹ tàbí lára èèyàn ni irin ọ̀hún wà.

Ohun tí èèyàn lè kọ́kọ́ bẹ̀rù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò yóò gba ẹ̀rọ náà nítorí ìrísí rẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn kò fi gbogbo ara tọ̀nà. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò sí lára ohun tí òfin ìrìnnà òfurufú àgbáyé kà léèwọ̀. Bátìrì tó ń gbé iná fún un lòfin dè, bátìrì yìí náà ló sì lè mú kí wọ́n tú ẹrù èèyàn palẹ̀, kí wọ́n gba ohun tó fowó gidi rà, kí bàálù sì gbéra láìmú un dání.

Ẹ̀rọ awárin pín sí oríṣiríṣi. Èyí tí ojú mọ̀ jù lọ ni ọ̀pá kúkúrú táwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń fi yẹ ara èèyàn wò lẹ́nu ọ̀nà báńkì, òtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀ṣì. Bátìrì kékeré onígun mẹ́rin tí agbára rẹ̀ jẹ́ fólìtì 9 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Èyí tó tóbi jù wà láwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ, irú èyí tó wà lágbègbè Ìkẹjà sí Agége. Ibi tí bísíkíìtì tàbí búrẹ́dì ti ń kọjá ni wọ́n ń gbé e sí, kí ègé irin tó bá já bọ́ lára ẹ̀rọ má baà wọnú ohun táráàlú máa jẹ. Iná mànàmáná ni tiẹ̀ ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù ọjà ni wọ́n sì ń gbé e gbà, kì í ṣe ẹrù arìnrìn-àjò. Ẹ̀kẹta ni èyí tó gùn bí ọ̀pá ìtìlẹ̀, tó ní àwo róbótó nísàlẹ̀, táwọn awakùsà ń gbé káàkiri inú igbó láti wá góòlù. Eléyìí gan-an ló ń fa ọ̀rọ̀, nítorí bátìrì ńlá ni tirẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé èèyàn. Wáyà tí wọ́n lọ́ róbótó wà nínú àwo ìsàlẹ̀ yẹn. Bí iná bátìrì bá ń gbà á kọjá, agbára òòfà yóò máa tinú rẹ̀ jáde lọ sínú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá bá irin pàdé, irin náà á dá èsì padà, ẹ̀rọ á sì ké. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Lọ́dún 1881, Alexander Graham Bell, ẹni tó ṣe tẹlifóònù, fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá ọta ìbọn lára James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn fún. Kò rí ọta náà, Garfield sì kú lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú, làwọn iléeṣẹ́ bàálù káàkiri ayé ń tẹ̀ lé lórí bátìrì. Irú bátìrì ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì lásán àti èyí tó wà nínú ọ̀pá àwọn ẹ̀ṣọ́ kò le rárá. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kéèyàn fi téèpù tàbí ọ̀rá bo orí rẹ̀, kó má baà fara kan irin mìíràn kó sì gbóná. Àwọn ẹ̀rọ awágóòlù àtijọ́, bí irú èyí tí iléeṣẹ́ Minelab ti ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe nígbà kan, máa ń lo bátìrì ásíìdì fólìtì 6 tí wọ́n dé pa, tí kò lè dà sílẹ̀. Òfin gba irú ìyẹn láàyè bí kò bá ti ju fólìtì 12 àti 100 Wh lọ. Bátìrì mọ́tò tí omi ásíìdì ń mì nínú rẹ̀ kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni lè dì sínú báàgì.

Wàyí o, lithium lọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayé òde òní ń lò, irú èyí tó wà nínú fóònù. Ibí yìí lòfin ti le jù. Bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ, ìyẹn èyí téèyàn mú dání láti fi pààrọ̀, kò gbọ́dọ̀ wọnú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù. Ọwọ́ ni kí arìnrìn-àjò gbé e sí, kó sì fi ọ̀rá di ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ojú bátìrì àpààrọ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń wo power bank. Bí agbára bátìrì kò bá ju 100 Wh lọ, kò sídìí láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá wà láàárín 100 sí 160, iléeṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ṣáájú, àpààrọ̀ méjì péré ni wọ́n sì ń gbà. Èyí tó bá ju 160 lọ, kí olówó ẹ̀ lọọ bá àwọn tó ń kó ẹrù ọjà.

Lára bátìrì ni wọ́n máa ń kọ Wh yìí sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, kéèyàn fi iye fólìtì sọ iye Ah di púpọ̀: bátìrì fólìtì 7.4 tó ní Ah 10 jẹ́ 74 Wh. Power bank 20,000 mAh, tí fólìtì inú rẹ̀ jẹ́ 3.7, bọ́ sí 74 Wh bákan náà. Ti 30,000 mAh á ti di 111. Bátìrì tí àkọlé rẹ̀ ti parẹ́, tàbí tí kò ní àkọlé rárá, wàhálà ni, torí òṣìṣẹ́ aláàbò kò ní í dúró ṣírò fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ Ṣáínà tiẹ̀ ti fòfin de gbígbé power bank tí kò ní àmì ìjẹ́rìí ìjọba wọn, tí wọ́n ń pè ní 3C, wọ inú bàálù tó ń fò láàárín orílẹ̀-èdè wọn láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2025. Kí àwọn tó ń ra ọjà láti ìlú kan dé òmíràn lọ́hùn-ún fi èyí sọ́kàn.

Ìdí tófin fi le tó bẹ́ẹ̀ ni iná. Bí bátìrì lithium bá bà jẹ́ nínú, ó lè gbóná kọjá ààlà, kí ọ̀kan ran èkejì, omi tàbí ẹ̀rọ panápaná sì lè pa ọwọ́ iná náà kí ooru inú rẹ̀ tún gbé òmíràn dìde. Bó bá ṣẹlẹ̀ níbi téèyàn jókòó sí, wọ́n á tètè rí èéfín, wọ́n á sì gbé omi sí i. Abẹ́ bàálù kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2010, iná sọ nínú bàálù akẹ́rù UPS tó gbéra ní Dubai, tó kó bátìrì lithium tó ju 80,000 lọ. Àwọn awakọ̀ méjèèjì ló kú. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, bàálù Air Busan gbiná ní Kòríà kó tó gbéra, àwọn olùwádìí sì fura sí power bank tó wà lókè orí èrò. Gbogbo èèyàn 176 tó wà nínú rẹ̀ ló jáde láàyè. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Emirates kò jẹ́ kéèyàn lo power bank nínú bàálù wọn mọ́. Ẹyọ kan péré ni wọ́n ń gbà, kò sì gbọ́dọ̀ tó 100 Wh.

Àwọn ará Onígbòǹgbò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé bí iná kékeré ṣe ń di ńlá. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002, iná ràn dé ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ṣọ́jà Ìkẹjà nítòsí wọn, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri, àwọn tó sì kú, títí kan àwọn tó rì sómi ní Òkè-Àfà bí wọ́n ṣe ń sá lọ, wọ́n ju ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ di ẹrù rẹ̀ dáadáa, kó tú ẹ̀rọ náà. Ọ̀pá àti àwo róbótó lè lọ sábẹ́ bàálù, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbọ́dọ̀ wà. Àpótí tó gbé ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti bátìrì rẹ̀ ni kó wà lọ́wọ́. Bó bá di dandan kí bátìrì wà nínú ẹ̀rọ tó ń lọ sábẹ́, kí wọ́n pa á pátápátá, kí ohunkóhun má sì lè tàn án. Ohun kan tún wà tó máa ń tan èèyàn: bí ààyè bá kún, wọ́n lè gba báàgì ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà bàálù láti lọọ kó o sábẹ́. Kí arìnrìn-àjò yọ bátìrì rẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ báàgì náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì bínú bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè. Láti pápákọ̀ Ìkẹjà yìí ni Umar Farouk Abdulmutallab ti wọkọ̀ lọ sí Amsterdam lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejìlá, ọdún 2009, kó tó gbìyànjú láti fi àdó olóró tó rán mọ́ pátá rẹ̀ ba bàálù tó ń lọ sí Detroit jẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀tù ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin, ẹ̀rọ awárin kò sì lè ké fún un. Látìgbà náà ni àwọn aláàbò ti túbọ̀ ń tú ohun tó bá ní wáyà àti bátìrì wò fínnífínní. Ìwé ọjà àti ìwé ìlò ẹ̀rọ náà máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè parí, ó sì wúlò fáwọn kọ́sítọ́ọ̀mù náà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò parí sí pápákọ̀. Agbègbè Iléṣà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ góòlù ní Segilola lọ́dún 2021, lè wu ẹni tó bá ra ẹ̀rọ awágóòlù, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2007 lórí ìwakùsà sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò sì gbọ́dọ̀ wá a. Ẹ̀rọ náà kò mọ góòlù yàtọ̀ sí idẹ. Lọ́dún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníje nílé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti hú àwọn orí idẹ tó lókìkí káàkiri ayé. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ké sétí awágóòlù lónìí, òfin ọdún 1979 tó gbé àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù kalẹ̀ kò jẹ́ kó gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé lọ́wọ́ àjọ náà, ìbáà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́ tàbí lábẹ́ bàálù.