Kíkó Iṣẹ́ Sọ́fítíwíà Kúrò Lókèèrè Wá sí Ìtòsí

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ń gbé iṣẹ́ sọ́fítíwíà rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe ní ilẹ̀ tó jìnnà, tó wá gba iṣẹ́ náà padà, tó sì gbé e fún òmíràn ní orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ ọn, tí aago àwọn méjèèjì kò jìnnà síra, iṣẹ́ ti kúrò lókèèrè wá sí ìtòsí nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti hàn gbangba jù: iṣẹ́ ń kúrò ní Íńdíà, ó ń lọ sí Mẹ́síkò, Kòlóḿbíà àti Ajẹntínà. Póláǹdì àti Ròmáníà ni ti àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù.

Kì í ṣe pé àwọn ará Íńdíà kò mọ iṣẹ́. Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ wọn, Tata Consultancy Services, ti bẹ̀rẹ̀, Infosys tẹ̀ lé e ní 1981. Nígbà tí ọdún 2000 ń bọ̀, tí ẹ̀rù ń bani pé kọ̀ǹpútà tó ń fi nọ́ńbà méjì péré kọ ọdún yóò ṣi ọjọ́ kà, Íńdíà ni wọ́n gbé púpọ̀ nínú àtúnṣe náà lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé kọ kalẹ̀ látòkèdélẹ̀ kí a tó fi ránṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú ní New York, wọ́n á máa ṣe é lọ ní Bangalore.

Ọ̀nà iṣẹ́ ló yí padà. Ní oṣù Kejì 2001, àwọn onímọ̀ sọ́fítíwíà 17 pàdé ní ìpínlẹ̀ Utah, wọ́n sì gbé ìkéde Agile jáde: kí a máa ṣe iṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, kí oníṣẹ́ àti oníbàárà máa bára wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Bangalore sì fi wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀ ṣíwájú New York nígbà ooru, mẹ́wàá àbọ̀ nígbà òtútù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú ní Bangalore ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, òru ni lọ́dọ̀ ẹni tó lè dá a lóhùn. Ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún a sì di ti ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, aago kan náà ni Bogotá ní Kòlóḿbíà àti New York ń lò. Nígbà ooru, wákàtí kan péré ló wà láàárín wọn. Softtek, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Monterrey, Mẹ́síkò, ní 1982, wà lára àwọn tó tètè fi ìsúnmọ́ yìí polówó ara wọn. Globant, tó bẹ̀rẹ̀ ní Buenos Aires, Ajẹntínà, ní 2003, ti wọ ọjà ìpín-ìdókòwò New York láti 2014.

Owó wákàtí kan ní Mẹ́síkò sábà máa ń ju ti Íńdíà lọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn gan-an ni owó ti ń ṣòfò jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í wò. Ó dà bí aṣọ tí télọ̀ kan ti gé, tí a wá gbé fún òmíràn pé kó rán an parí. Kọ́ọ̀dù wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ wà lórí ẹni tó ń lọ, kò sì sí ohun tó ń kán an lójú láti ṣàlàyé. Nítorí náà, àdéhùn àkọ́kọ́ ló yẹ kó ti sọ ẹni tó ni kọ́ọ̀dù, ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye oṣù tí agbaṣẹ́ṣe àtijọ́ àti tuntun yóò fi jọ ṣiṣẹ́. Owó àwọn méjèèjì ni a ó máa san lásìkò náà. Ó dùn ún san ju kí ètò ìsanwó dákú lọ́wọ́ àlejò. Apá kékeré kan ni kí a sì kọ́kọ́ gbé lọ.

Ìtòsí náà ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Yukréènì ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2022, púpọ̀ nínú òṣìṣẹ́ EPAM, agbaṣẹ́ṣe sọ́fítíwíà kan, wà ní Yukréènì, Bẹ̀lárùsì àti Rọ́ṣíà. Wàràwàrà ni wọ́n ń kó ènìyàn àti iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn.

Èkó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aago rẹ̀ àti ti Lọ́ńdọ̀nù bára mu nígbà ooru. Nígbà òtútù, ti Berlin ló bá mu. Èkó ni Andela ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè, pàápàá ti Amẹ́ríkà. Ní 2019, ó dá àwọn ọ̀dọ́ tó tó 400 dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, nítorí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń béèrè.