ÌWÉ HENRY CARR ÀTI ÌTÀN TIWA NÍ KÀDÚNÁ

Lọ́dún yìí, ìtàn ilé-ìkàwé yunifásítì kan ni a fẹ́ bá yín sọ. Ìtàn náà kan gbogbo ilé tí baba tàbí baba-baba wọn kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá wá ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya.

ÒṢÌṢẸ́ ÌJỌBA TÓ Ń KÓ ÌWÉ JỌ

Ọdún 1863 ni wọ́n bí Henry Carr ní Èkó. Ó kàwé ní Fourah Bay College ní Sàró, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1882. Ó ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1889. Àwa tí a ń jẹun nídìí iṣẹ́ ìjọba mọ bí àkàbà yẹn ṣe ga tó. Ní ayé ìgbà tí àwọn òyìnbó ló ń jókòó sórí gbogbo àga ńlá, Carr gòkè títí ó fi di Rẹ́sídẹ́ǹtì ìlú Èkó láti 1918 sí 1924.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ipò yẹn ni a fi ń rántí rẹ̀ jù lónìí. Ìwé ni Carr ń kó jọ. Nígbà tí ó kú ní 1945, àwọn ìwé tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba ra àwọn ìwé náà, wọ́n kò jẹ́ kí wọ́n fọ́n ká. Nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, wọ́n kó ìwé Carr lọ síbẹ̀. Òun àti ìwé tó wá láti Yaba Higher College wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé náà. John Harris ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1968.

ÒTA MÉJÌ LÁBẸ́ ÒRÙLÉ KAN

Ẹni tó bá gbọ́ nípa Carr ní Èkó ìgbà náà yóò gbọ́ nípa Herbert Macaulay pẹ̀lú, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Àwọn méjèèjì kò rẹ́ rárá. Carr wà lọ́dọ̀ ìjọba. Macaulay ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn Ọba Èṣùgbàyí Elékòó, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ní 1924, Macaulay tẹ ìwé pélébé kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àkọlé rẹ̀ sì ni pé Henry Carr gbọ́dọ̀ kúrò lórí àga.

Macaulay kú ní 1946, ọdún kan lẹ́yìn Carr. Níbo ni àwọn ìwé tòun náà wà lónìí? Inú ilé-ìkàwé Ìbàdàn kan náà ni! Òta méjì tí kò lè jókòó pọ̀ nígbà ayé wọn ti di aládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ Èkó ìgbà náà, ó ti rí ibi tí yóò ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

KENNETH DIKE ÀTI KÀDÚNÁ

Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ni ilé-ìkàwé náà ń jẹ́ lónìí. Ọmọ Igbo láti Awka ni, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí yunifásítì náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó wo àkọsílẹ̀ àtijọ́ káàkiri àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Iṣẹ́ yẹn ló bí National Archives, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1954. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka rẹ̀ dé Enugu, ó sì dé Kàdúná wa níhìn-ín. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

ÒFIN TÓ KAN ÌWÉ YÌÍ

Láti 1950 ni òfin ti sọ pé kí ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀ ní Nàìjíríà máa lọ sí ilé-ìkàwé Ìbàdàn. Òfin National Library ti 1970 tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ìwé jáde gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí National Library láàárín oṣù kan, wọn yóò sì fi ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣọwọ́ sí Ìbàdàn. Òfin náà kò yọ ìwé kékeré sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa tó wà lọ́wọ́ yín yìí ní àyè tirẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà tí ìwé Carr àti ti Macaulay wà!

ÀWA ŃKỌ́?

Àwọn baba wa wá síhìn-ín ṣe iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ télọ̀ àti òwò. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Níbo ni ìtàn wọn wà? Inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni: mínìtì ìpàdé, fọ́tò ìgbéyàwó, rìsíìtì ilẹ̀, lẹ́tà láti ilé. Bí bàbá bá kú, wọ́n á da àpótí náà nù. Ẹni tó sì wà ní ìlú yìí ní oṣù Èrèlé ọdún 2000 mọ ohun tí iná lè jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ rántí Àlùfáà Samuel Johnson. Ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù ní ìlú òyìnbó. Ó kú ní 1901. Bí kò bá sí àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ, kò bá má jáde ní 1921. Ẹ̀dà kan ṣoṣo kò tó.

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́:

1. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé yìí lé National Library lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Ẹ̀ka wọn wà ní Kàdúná.
2. Kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo mínìtì àtijọ́, kí ó má wà ní ilé ẹnì kan ṣoṣo.
3. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò wọn nígbà tí àwọn tó dá ojú mọ̀ ṣì wà láyé.
4. Kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù wọn gba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín, tí Haúsá yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, yóò bèèrè lọ́jọ́ kan bí a ṣe dé ìlú yìí àti ohun tí a ṣe níbẹ̀. Kí wọ́n rí ìdáhùn tí àwa fúnra wa kọ sílẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wa sí, ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Àṣẹ.