Bí ìwọ̀n òjò ṣe di ìṣirò gọ́tà: láti Ògùnpa dé Ìbàràpá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òjò ṣe di ìṣirò nílẹ̀ wa yóò wá a títí. Díẹ̀ wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, díẹ̀ wà nínú fáìlì ìjọba, ìyókù wà lẹ́nu àwọn àgbà Ìbàdàn, ẹnu wọn kò sì kò. A kó o jọ síbí fún ará Ìbàràpá.

Láti 1441 ni wọ́n ti ń wọn òjò ní Kòríà. Mulvany ní Ireland ní 1851, Kuichling ní Amẹ́ríkà ní 1889 àti Lloyd-Davies ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1906 ni wọ́n ń pín ògo ìlànà gọ́tà láàárín ara wọn. Àríyànjiyàn ta ló kọ́kọ́ dá a kò gbọ́n omi kúrò nílé ẹnikẹ́ni. Ìlànà náà ni pé kí a fi bí òjò ṣe le tó sọ fífẹ̀ ilẹ̀ di púpọ̀, kí a sì mú ìpín tí ilẹ̀ kò mu nínú rẹ̀. Bí òjò mìlímítà 100 ní wákàtí bá rọ̀ sórí oko hẹ́kítà 10, tí ìpín náà jẹ́ 0.3, omi tó ń ṣàn jáde yóò tó mítà kúbíìkì 0.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí páànù àti kọnkéré bá gba oko náà, tí ìpín náà di 0.7, ó di 1.9.

Odò Ògùnpa la àárín Ìbàdàn kọjá. Ó kún ní 1955, 1960, 1963 àti 1978, ṣùgbọ́n ti 31 Ògọ́ọ̀sì 1980 ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Omíyalé. Iye òkú kò dọ́gba nínú àkọsílẹ̀. A gbà pé ó lé ní 100. A kò kọ iye kan pàtó, torí ẹni tí omi gbé lọ tí wọn kò rí kì í wọ ìwé.

Ìkún omi Ìbàdàn ti 26 Ògọ́ọ̀sì 2011 ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù. Mìlímítà 187.5 rọ̀ láàárín bíi wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí òjò ọjọ́ kan, tó pín in fún wákàtí 24, yóò rí bíi 8 ní wákàtí. Pín in fún 4, ó di bíi 47. Gọ́tà tí a kọ́ fún 8 kò lè gba 47. Ìwọ̀n ojoojúmọ́ nìkan kò tó kọ́ gọ́tà.

Ní 1982, Lékan Oyebande ti Yunifásítì Èkó tẹ ìwádìí jáde lórí bí ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò tó ṣe lè rí ìwọ̀n agbára òjò fún ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí ló bá Ìgbò-Ọrà àti Erúwà ní Ìbàràpá mu. Ìtàn ti Ìbàràpá fúnra rẹ̀ kò gùn: àgbàrá wa ń ṣàn lọ sínú odò Ọ̀fìkì àti Ògùn.

Ètò kọ̀ǹpútà SWMM, tó ń ṣe ìṣirò àgbàrá òjò, ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1971. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ìkún omi Ìbàdàn ní 2014. Bó ti wù kí irinṣẹ́ àti owó pọ̀ tó, ẹni tó bá mú àwòrán gọ́tà wá sí ìlú yín, ẹ bi í pé òjò wákàtí mélòó ló fi ṣe é.