Nouchi: Bí èdè àṣírí àwọn ọmọ ìta Abidjan ṣe di ti gbogbo ìlú

Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní "gaou" nílùú Abidjan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Sùẹ̀gbẹ̀ ló pè yín yẹn, ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là sí ìgboro.

Inú Nouchi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìyẹn èdè tí àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ní Côte d'Ivoire dá sílẹ̀ láàrin òpin àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Lásìkò náà, owó kòkó àti kọfí tí orílẹ̀-èdè náà gbójú lé ń já wálẹ̀, iṣẹ́ sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò parí ilé ìwé ló ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní gáréèjì àti ọjà.

Èdè abínibí wọn kò papọ̀: Dioula ni ti ẹnì kan, Baoulé tàbí Bété ni ti ẹlòmíràn. Faransé tí ìjọba ń lò kò sì dá ṣáká lẹ́nu wọn. Wọ́n bá po gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ọlọ́pàá àti àwọn àgbàlagbà má baà mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Wọ́n mú "enjoy" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ di "s'enjailler", ìyẹn kí èèyàn jayé. Nígbà tí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n wo àgùntàn tó ń jẹko láìṣe làálàá, wọ́n sì sọ ẹni tí wọ́n ń pè ní "Yahoo boy" ní Nàìjíríà ní "brouteur", ìyẹn ajẹko.

Orin ló gbé e jáde

Ní nǹkan bí ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ní Yopougon gbé orin zouglou jáde, Nouchi sì kún inú rẹ̀. Orin "Premier Gaou" tí ẹgbẹ́ Magic System ṣe lọ́dún 1999 ló wá gbé "gaou" dé ilẹ̀ Faransé.

Àwọn olùkọ́ ń ráhùn pé Nouchi ń ba Faransé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Síbẹ̀, "s'enjailler" ti wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè Faransé.

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì?

Èdè tó lé ní 60 ni wọ́n ń sọ ní Côte d'Ivoire. Lọ́dún 2002, ogun abẹ́lé pín orílẹ̀-èdè náà sí àríwá àti gúúsù, débi pé orúkọ tó bá dún bíi ti ará àríwá lè kó ẹni tó ń jẹ́ ẹ sí wàhálà.

Ṣùgbọ́n Nouchi kì í bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni. Ọ̀rọ̀ Dioula láti àríwá àti ti Bété láti ìwọ̀ oòrùn jọ ń gbé inú rẹ̀ ni.

Ní ti àwọn ọmọ gáréèjì tó dá a sílẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti yé ọlọ́pàá kì í ṣe àṣírí mọ́, òmíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá.