Ebi àti Òfin Kónílé-ó-gbélé ní Òkòtà

Ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 ni àṣẹ Ààrẹ Muhammadu Buhari fìdí múlẹ̀: kí onílé gbélé ní Èkó àti Àbújá fún ọjọ́ 14, nítorí àrùn kòrónà. Ní Òkòtà, láti Cele títí dé Ago Palace Way, ẹni tó ń gba owó oṣù lè fara dà á. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá ńkọ́? Ìyá alákàrà ńkọ́? Owó òòjọ́ ni wọ́n ń jẹ. Bí wọn kò bá jáde láàárọ̀, ìkòkò kò ní gorí iná lálẹ́.

Ìjọba kò ṣàìmọ èyí. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti kéde ìrẹsì, ẹ̀wà, gàárì àti ata gbígbẹ fún agbo ilé 200,000, ẹni mẹ́fà sí agbo ilé kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: mílíọ̀nù 1.2 ènìyàn, nínú ìlú tí èrò rẹ̀ ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ṣètò ₦20,000, owó oṣù mẹ́rin, fún àwọn tálákà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọba. Inú ìwé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ti ń kọ ọ́ kí àrùn tó dé, àwọn tí òṣì ti ń bá fínra tipẹ́ ni wọ́n sì ń wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jẹun ní oṣù kejì, tí iṣẹ́ rẹ̀ wá dáwọ́ dúró ní oṣù kẹrin, níbo ni orúkọ rẹ̀ yóò ti wọ ibẹ̀? Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, Ààrẹ fi ọjọ́ 14 kún òfin náà, ó sì pàṣẹ kí wọ́n sọ agbo ilé inú ìwé di mílíọ̀nù 3.6 láti mílíọ̀nù 2.6. Àṣẹ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ìwé náà kò tó.

Èkó ti rí àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Bida gbé àrùn ìfúlúẹ́ńsà dé, àwọn wolé-wolé ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti wá aláìsàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kúrò nílùú. Ìbẹ̀rù aláṣẹ ló lé wọn jáde nígbà náà. Ní ọdún 2020, ebi ni.

Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n dẹwọ́ òfin náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, èrò já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, tí kò jìnnà sí Òkòtà. Oúnjẹ ìrànwọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ CACOVID, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ńlá tó dá owó jọ nítorí àrùn náà, lára àpò. Ìjọba ní wọn kò tíì pín in tán ni.